Orúkọ Ilé Ìdáná

                                                  Ẹ̀yìn Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                                  Okpomèta,
                                                  Kétu.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, 2024.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Òjò Libreville ńkọ́, èyí tí wọ́n ní kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rọ̀? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé o ń jẹun? Mo fi ìyẹn sí ìkẹyìn, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mo fẹ́ mọ̀ jù.

Bí o bá ń bèèrè wa, a wà. Bàbá Reine, ẹ̀gbọ́n rẹ, wà, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n díẹ̀ nítorí àgbàdo tí a ń ya lọ́wọ́. Reine ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń bá mi jiyàn. Kànga kò tíì gbẹ. Màmá náà wà. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé àlàáfíà ni wọ́n wà, mo gbé bíìkì ìkọ̀wé sókè, mo tún gbé e sílẹ̀.

Wàá rí i pé "o" ni mò ń kọ sí ọ, n kò kọ "ẹ". Lójú Màmá, "ẹ" ni mo máa ń sọ, nítorí pé mo bá ọ nílé ni, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ. Ilé ìdáná nìkan ni mo ti ń sọ "o" sí ọ, níbi tí etí wọn kò dé. Lẹ́tà ilé ìdáná nìyí o. Bí o bá padà dé, má fi ṣẹlẹ́rìí takò mí.

Láti ìgbà tí mo ti jókòó sídìí tábìlì yìí, fóònù Màmá ti dún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní, obìnrin inú ẹ̀rọ ni, èyí tó máa ń sọ Faransé wìrìwìrì pé kí èèyàn tẹ ẹyọ kan kó lè gba orin. Màmá kí i. Wọ́n bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n sì dúró kó dá wọn lóhùn. Nígbà tó gé e, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kì í ṣe òun." Èkejì, n kò mọ ẹni tó jẹ́, nítorí mo ti dìde lọ sẹ́yìn ilé, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ títí wọ́n fi parí rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ náà ni. Báyìí ni ilé wa ṣe rí nísinsìnyí, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe àfi ìwọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó tún dìde.

Nígbà tí nọ́ńbà rẹ kò wọlé mọ́ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, a kọ́kọ́ rò pé kùrédì ló tán. Oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wọn káàkiri. Wọ́n á so ó mọ́ igun ìró, wọ́n á gbé e lọ sóko, wọ́n á gbé e lọ sídìí kànga, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fádà á sì máa fi ojú wá ẹni tí orin ń dún ní ìdí rẹ̀.

Ẹni tó ń retí ìpè gidi ni ìpèkúpè máa ń rí mú. Kò sí irú èyí tí kò dé. Ọ̀kan ní Màmá ti jẹ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbé e wá. Ọ̀kan ní wòlíì ni òun, òun rí aṣọ funfun kan lórí ilé wa. Màmá ní òótọ́ ló rí, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ Reine ni, àwọn ló sá a sórí páànù. Àwọn mìíràn á dún lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á kú, nọ́ńbà ìlú òkèèrè tí a kò mọ̀, kí èèyàn lè pè é padà kí kùrédì rẹ̀ sì gbẹ. Gbogbo irú ìyẹn ni Màmá ń pè padà. Wọ́n rò pé ìwọ ni, pé owó rẹ ni kò tó.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó gba orúkọ rẹ dé. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, mò ń bó gbáàgúdá. Ohùn ọkùnrin kan ní, "Màmá, ẹ ò mọ ohùn mi mọ́ ni?" Wò ó, ọkọ mi, ìyá wo ní gbogbo ilẹ̀ Kétu ló máa la ẹnu sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n? Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ sí ìbátan, ìbínú rẹ̀ á bá ọ dé ọjọ́ ìsìnkú. Màmá kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Àbí Akíndé ni?" Jọ̀ọ́, má bínú pé mo kọ orúkọ rẹ, ẹnu Màmá ni mo fi kọ ọ́. Ọkùnrin náà ní, "Akíndé ni, Màmá."

Àwa la sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n bi í bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o ń lọ ti san, ó ní ẹsẹ̀ náà gan-an ló gbé òun dé ọsibítù. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè iṣẹ́ bíríkì, wọ́n béèrè ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ lọ. Bí wọ́n ṣe ń kí i ni wọ́n ń kọ́ ọ, gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè ló ń dá padà fún wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá ti ta ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, owó rẹ̀ sì ti gba inú fóònù lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ńbà náà ti kú.

Màmá kò sunkún ewúrẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ṣáá ni pé, "Ẹsẹ̀ kò gbé ọmọ mi dé ọsibítù nìyẹn." Inú wọn tilẹ̀ dùn. Tèmi ni kò dùn. O mọ̀ mí, bí nǹkan bá ti ń jẹ mí lára, ìjókòó kì í gbà mí. Mo gun alùpùpù zémìjàn lọ sí Kétu, mo wọ ṣọ́ọ̀bù Aboubakar tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà. Ìjà ni mo gbé lọ, nítorí mo ti fi í sọ́kàn pé òun ló ta nọ́ńbà Màmá fún wọn.

Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àpótí kí n jókòó. Ó ní àwọn gáìmáànù, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn olè orí fóònù níbí, kò mọ Màmá rí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀ lọ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò kó lè mọ ilé tí èèyàn wà. Ẹni tó bá jẹ́ wọn lóhùn tó sì pẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á tún ta á fún olè mìíràn. Ó ní èyí tó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ká má pè é padà. Ká má tẹ nǹkan kan fún obìnrin inú ẹ̀rọ. Ká má sọ kóòdù fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ fóònù ló rán òun. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń bùlọ́kè nọ́ńbà, tí onítọ̀hún á máa pè títí tí kò ní wọlé mọ́. Ó wá ní, "Ìyá Reine, ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fún àlejò lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé ẹ̀yìn zémìjàn. Mo rò ó títí a fi kọjá Kpankou. Mo ní olè lè mọ̀ pé Akíndé ni ọ́, ó lè mọ̀ pé Okpomèta la wà, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ orúkọ tí èmi ìyàwó fún ọ fún un? Kò sí nínú káàdì, kò sí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe délé, mo sọ fún Màmá pé ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ni Akíndé, kí wọ́n bi í pé, "Kí ni ìyàwó ń pè ọ́?" Bó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá ní Adúmáadán. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n gé e, èmi á bùlọ́kè rẹ̀.

Ó yẹ kí o rí Màmá nígbà náà. Ọ̀kan pè, ó ní òun ni Akíndé, wọ́n bi í, ó ní "tọ́ńtọ́n" ni ìyàwó ń pe òun, bí ọmọdé ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. Òmíràn ní "ṣẹ́rì", bí ẹni ń pe olólùfẹ́. Màmá ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń pè ọ́ ní ṣẹ́rì? Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má gbọ́ o." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí olè fi gé fóònù fúnra rẹ̀. Victorine, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, wá yá ọgbọ́n náà lò. Ìpèkúpè dín kù gan-an. Mo wá di ọlọ́gbọ́n ní Okpomèta, ọrùn mi gùn bí mo bá ń lọ pọnmi. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì ni. Tèmi kò tilẹ̀ dúró de ẹ̀míì.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lóṣù tó kọjá. Mo lọ kí ìyá mi ní Adakplamè, Màmá nìkan ló wà nílé. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní àwọn tún ti mú ọ̀kan, pé kí n tètè bùlọ́kè rẹ̀, eléyìí burú ju gbogbo wọn lọ, ó tilẹ̀ fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Mo gba fóònù, mo tẹ̀ ẹ́. N kò bèèrè ohun tó sọ, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo fẹ́ wẹ̀.

Victorine wá tọrọ iyọ̀, Màmá jókòó, wọ́n ń ròyìn fún un. Wọ́n ní, "Ó ń sọ pé 'Màmá, èmi ni, Màmá, èmi ni,' ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Mo ní kí ni ìyàwó ń pè ọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Aṣíkòkòwò."

Abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀.

Èmi àti ìwọ nìkan la mọ orúkọ yẹn láyé. Adúmáadán ni mò ń pè ọ́ lójú Màmá àti lójú àlejò, orúkọ ojúde ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ká ọ mọ́ ilé ìdáná, tí o ṣí ìkòkò mi sílẹ̀ tí èéfín bò ọ́ lójú, tí mo ní "Aṣíkòkòwò, mo rí ọ o," òun ni mò ń pè ọ́ lójoojúmọ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ìyẹn fún Màmá? Ìyàwó wo ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé òun ń pe ọmọ wọn ní wọ̀bìà? Ojú tì mí láti sọ ọ́, èyí tó dára létí ni mo fún wọn. Wọ́n bi ọ́ ní ohun tí ìyàwó ń pè ọ́, o sì dáhùn ní òtítọ́. Èmi ni mo fi ìdáhùn èké sọ́wọ́ ìyá rẹ.

Victorine tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá sọ fún olè náà. Màmá na ẹsẹ̀, wọ́n rò ó bí wọ́n ṣe sọ ọ́. "Mo ní, ìwọ tí o ń gbé ohùn ọmọ ọlọ́mọ pe ìyá rẹ̀, ọjọ́ tí o bá ké pe ìyá tìrẹ, kò ní gbọ́." Mo wo fóònù tó wà lórí àpótí. Kò tíì pẹ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ kí ìyá rẹ má lè gbọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ mi ni èpè náà fi ṣẹ.

N kò lè pa á mọ́ra. Mo kúnlẹ̀, mo sọ orúkọ náà àti bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ti ń retí ìbínú. Màmá kò bínú rárá, wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Òun náà ni. Láti kékeré ló ti ń ṣí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ohun tí wọ́n sọ sí ọ, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

A tú nọ́ńbà náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo pè é. Àgbà ọkùnrin kan ló gbé e. Ó ní fóònù òun ni, òun ń ta oúnjẹ lẹ́bàá gáráàjì ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kan tó dúdú, tó ga, tó máa ń wá jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ló yá a nítorí pé wọ́n ti jí tirẹ̀. Ó ní nígbà tí o parí ìpè, o nu ojú, o dá fóònù padà, o dúpẹ́, o sì lọ. O fi ìrẹsì àti ẹja rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọkọ mi, mo ti gbé pẹ̀lú rẹ fún ọdún púpọ̀, n kò rí ọjọ́ tí o fi oúnjẹ sílẹ̀ rí. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ó ní òun kò tíì rí ọ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òun mọ àwọn tí ẹ jọ ń mọ ilé, òun á jíṣẹ́. A tún pè é lọ́jọ́ kejì. A pè é ní àárọ̀, Bàbá Reine pè é láti oko, Màmá pè é láìsọ fún wa, wọ́n sì ń bá a sọ Nàgó tí kò gbọ́. Ní báyìí, kò wọlé mọ́. Aboubakar wo fóònù náà, ó ní bàbá náà ti bùlọ́kè wa. Àwa náà ti di ìpèkúpè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Àyìsátù ará Àjàṣẹ́, tó ń kó aṣọ lọ tà ní Libreville, á kọjá ní Kétu lọ́jọ́bọ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun á wá olóúnjẹ náà kàn, òun á sì fi lẹ́tà yìí lé e lọ́wọ́ kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Màmá kò jẹ́ ká bùlọ́kè ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo ohun tí Aboubakar ní ká má ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ìpè tó ti dín kù ti wá di ìlọ́po, àwọn olè ti mọ ilé wa bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Bàbá Reine fẹ́ ra nọ́ńbà tuntun fún wọn kí etí wa lè sinmi. Màmá ní, "Ta ló máa sọ nọ́ńbà tuntun fún un?" Wọ́n ṣì ń bi gbogbo ohùn léèrè pé kí ni ìyàwó ń pè ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ nísinsìnyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan ní òun ni ọmọ wọn. Màmá ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ṣé ìyá rẹ mọ ibi tí o wà?" Ọmọ náà gé fóònù.

Fádà wá sílé, ó ní Ọlọ́run ti tú èpè náà. Màmá ní wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló gbé fóònù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹnu tó sọ ọ́ ló máa tú u, etí tó gbọ́ ọ ló sì máa gbọ́ títú rẹ̀. Ní àràárọ̀, wọ́n á bu omi tútù sínú igbá, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, kí wọ́n lè fi omi sẹ́nu súre fún ọ bí o bá pè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á da omi náà sídìí máńgòrò. Mi ò lè máa wo omi yẹn mọ́.

Jọ̀ọ́, pè. Bí inú bá ń bí ọ, bínú sí èmi, kí o sì pè. Àárọ̀ ló dára jù, abẹ́ máńgòrò ni wọ́n máa ń jókòó, rẹ́sò fóònù sì dára níbẹ̀. Má ṣe sọ pé "ẹ ò mọ ohùn mi mọ́ ni", gbogbo olè ló mọ ìyẹn. Orúkọ ilé ìdáná ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìkíni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè ọ́ níbẹ̀ pé òun wá láti ọ̀dọ̀ wa, pé ara Màmá kò yá, pé kí o fi nǹkan ránṣẹ́, bi í ní ohun tí o ń pè mí bí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí kí o lè mọ̀ pé èmi ni, kì í ṣe gáìmáànù tó kọ́ ìwé kíkọ.

Bàbá Reine ní kí n kí ọ, wọ́n ní ilé rẹ tí o bẹ̀rẹ̀ kò tíì wó. Reine kí ọ. Victorine kí ọ, kò sọ orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni, ó kéré tán ohun tó wí nìyẹn. Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí o sì bá wa bẹ olóúnjẹ náà.

Màmá ti wá dúró sẹ́yìn mi báyìí. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ibi tí mo kọ dé. Wọ́n bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ pé wọ́n wà nídìí fóònù, mo ní mo ti kọ ọ́. Wọ́n ní kò tó, kí n fi tiwọn kún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Aṣíkòkòwò, ìyá rẹ ń gbọ́."

                                                  Èmi ni ìyàwó yín lójúde, ìyàwó rẹ ní ilé ìdáná,
                                                  Sidonie,
                                                  Ìyá Ó-kù-díẹ̀.